Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣe lè wo ọkàn tó gbọgbẹ́?

Ìbéèrè:

Ẹ kú iṣẹ́, Dókítà. Iléṣà ni mo ti ń kọ̀wé yìí, ọjà Àtàkúnmọ́sà ni mo ti ń ta aṣọ. Bàbá àwọn ọmọ mi ń wa ọkọ̀ èrò láti Iléṣà lọ sí Àkúrẹ́. Ní oṣù mẹ́jọ sẹ́yìn, tírélà kan tí bíréèkì rẹ̀ já kọlù wọ́n kí wọ́n tó dé Erin-Òkè. Èrò mẹ́ta kú, títí kan ìyá ọlọ́mọ kan tí wọ́n gbé ní Ìwàràjà. Apá nìkan ló kán fún bàbá àwọn ọmọ mi, ó sì ti jinná. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wọn kò fọwọ́ kan ọkọ̀ mọ́. Wọ́n máa ń ta jí lóru, òógùn á ti bo gbogbo ara wọn. Bí ẹnikẹ́ni bá gbá ilẹ̀kùn, ìjà dé nìyẹn. Wọ́n ti ń mu paraga láti àárọ̀, oníkẹ́mísì sì ń ta Valium fún wọn kí wọ́n lè sùn. Àwọn kan ní ẹ̀mí àwọn tó kú ló ń dà wọ́n láàmú, àwọn mìíràn ní orí wọn ti ń dàrú. Nọ́ọ̀sì kan ní kí n mú wọn lọ bá àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ wo èèyàn. Wọ́n kúkú ti sọ ìtàn yìí fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn, kò sì san. Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ṣe lè wo irú èyí? Ṣé wọ́n ṣì lè padà bọ̀ sípò?

Ìyàwó awakọ̀, Iléṣà

Ìdáhùn:

Ẹ kú ìrọ́jú, ìyá wa. Ẹ kú ìtọ́jú bàbá àwọn ọmọ.

Ẹ jẹ́ kí n ti ìparí lẹ́tà yín bẹ̀rẹ̀, torí mo mọ̀ pé ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí ẹ̀yin náà rí oorun sùn. Wọ́n lè padà bọ̀ sípò. Orí wọn kò dàrú. Ohun tí ẹ kọ sínú lẹ́tà yìí, láti orí òógùn òru dé orí ìjà ilẹ̀kùn, àìsàn kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀. Ó ní orúkọ, ó sì ní ìtọ́jú tí wọ́n ti dán wò lára ọ̀pọ̀ èèyàn.

PTSD ni àwọn dókítà ń pè é. Ọgbẹ́ ọkàn ni èmi máa ń pè é bí mo bá ń bá àwọn èèyàn wa sọ̀rọ̀. Lára àwọn sójà ni ọ̀pọ̀ dókítà ti fojú sí i: Charles Myers, dókítà àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa rẹ̀ lọ́dún 1915. Ọdún 1980, lẹ́yìn ogun Vietnam, ni àwọn dókítà ọpọlọ ní Amẹ́ríkà ṣẹ̀ṣẹ̀ fi orúkọ PTSD sínú ìwé àìsàn wọn. Ìyẹn ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn máa rò pé àìsàn sójà ni. Ó ń mú awakọ̀. Ó ń mú obìnrin tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ẹni tí ajínigbé gbé wọgbó, ìyá tí ìrọbí fẹ́rẹ̀ẹ́ pa. Ní Ifẹ̀ tí mo ti ń ṣiṣẹ́, mo mọ àwọn tí ìjà Ifẹ̀ àti Modákẹ́kẹ́ ti ọdún 1997 sí 2000 kò tíì parí nínú wọn. Báńgà kan ṣoṣo tí ọmọdé bá yìn nígbà ọdún Kérésì ti tó láti mú àgbàlagbà dojú bolẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó rí ibi ni ó ń mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, ní nǹkan bí 70 nínú 100 èèyàn ni irú ìṣẹ̀lẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń bá láyé wọn, ṣùgbọ́n àwọn tó ti ní PTSD rí kò ju nǹkan bí 4 nínú 100 lọ. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lẹ́yìn jàǹbá, ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń lá àlákálàá tàbí kí àyà wọn máa já. Àwọn tó pọ̀ jù, bí wọ́n bá ti rí oúnjẹ, oorun àti èèyàn tó fẹ́ràn wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́, ara wọn á balẹ̀ fúnra rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí dókítà kì í fi í pè é ní PTSD àfi tó bá ti kọjá oṣù kan. Oṣù mẹ́jọ ni tiyín. Àkókò ìfaradà ti kọjá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kí ẹ tún máa wò ó níran.

Báyìí ni a ṣe ń ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀. Nínú ọpọlọ gbogbo wa, ẹ̀yà kékeré kan wà tó rí bí ọmọ inú èso furúùtù tí àwọn ọmọdé máa ń fi òkúta fọ́ jẹ. Iṣẹ́ ọdẹ àdúgbò ni iṣẹ́ rẹ̀: kó máa ṣọ́nà, kó sì fun fèrè bí ewu bá ń bọ̀. Bó bá ti fun ún, àyà á máa lù kìkì, ẹ̀jẹ̀ á sáré lọ sí apá àti ẹsẹ̀, kí èèyàn lè sá tàbí kó lè jà. Ẹ̀yà mìíràn wà nítòsí rẹ̀ tó ń ṣe iṣẹ́ akọ̀wé. Òun ló ń kọ ọjọ́, aago àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀, tí èèyàn fi ń mọ̀ pé ti àná ti di àná. Lọ́jọ́ tí tírélà yẹn yọ sí wọn, ọdẹ fun fèrè débi pé akọ̀wé ju gègé sílẹ̀. Àwòrán wọlé, ariwo wọlé, òórùn pẹtirólù wọlé, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó kọ ọjọ́ sí i. Nítorí náà, bí òórùn táyà tó ń jó bá fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà, kì í ṣe pé bàbá àwọn ọmọ yín ń rántí jàǹbá. Inú rẹ̀ ni wọ́n tún wà. Ilẹ̀kùn tí ọmọ gbá, tírélà ni létí ọdẹ yẹn.

Àwọn àgbà ní ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, bó bá rí ekòló, á sá. Wọ́n ti mọ ọ̀rọ̀ yìí kí ìwé tó dé. Òwe kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ bẹ ẹbí kí wọ́n má pa fún wọn mọ́, pé ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Níbi ọgbẹ́ ọkàn, ojú tó ti rí òkun a máa bẹ̀rù omi inú kọ́ọ̀pù. Bí ẹ bá pa òwe yẹn fún ẹni tí irú nǹkan báyìí ń ṣe, ojú á kàn tì í ni, á sì tún máa fi bo ara rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i.

Wàyí o, ẹ ní wọ́n ti sọ ìtàn náà fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn. Ibí yìí ni mo fẹ́ ká dúró sí dáadáa.

Mo mọ bí a ṣe ń kíni nílẹ̀ wa. Àlejò á wọlé, á ní, "Ẹ kú ewu o, báwo ló ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an?" Wọ́n á bẹ̀rẹ̀: a kúrò ní gáréèjì, a gbé èrò kan sí i ní Ìwàràjà. Tí wọ́n bá ti ń sún mọ́ ibi tí tírélà ti yọ, ohùn wọn á yí padà, wọ́n á fo ibẹ̀ dá: "Ohun tí mo tún mọ̀ ni pé mo bá ara mi ní ọsibítù." Àánú á ti ṣe àlejò náà, á sì yára gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn: "Ẹ má rò ó mọ́. Ẹ dúpẹ́ pé ẹ̀mí yín ò lọ sí i." Ọ̀rọ̀ rere ni. Èmi náà ti sọ ọ́ fún èèyàn rí kí n tó kọ́ṣẹ́ yìí. Ṣùgbọ́n ẹ rò ó wò: èèyàn mẹ́ta ló kú nínú ọkọ̀ tí ọwọ́ wọn wà lórí sítíárìn rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n dúpẹ́. Níbo ni kí wọ́n wá gbé ti àwọn mẹ́ta yẹn sí? Ó di inú. Bí wọ́n bá sọ ìtàn yẹn nígbà ọgọ́rùn-ún, ojú ewé kan náà ni wọ́n ń ya kúrò nígbà ọgọ́rùn-ún, ojú ewé yẹn gan-an ni àìsàn sì sá pamọ́ sí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ jẹ́ ọmọ Iléṣà, tẹ́ ẹ sì tún ń ta aṣọ, ẹ mọ ìtàn Òṣómàáàlò jù mí lọ. Ìjẹ̀ṣà á gbé aṣọ fúnni láwìn. Bí ọjọ́ owó bá pé tí onígbèsè ń gba ẹ̀yìnkùlé sá, á lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀: òṣó ni òun máa lò títí owó òun yóò fi pé. Bí jàǹbá yẹn ṣe lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà bàbá àwọn ọmọ yín nìyí. Wọ́n ń gba ẹ̀yìnkùlé sá fún un. Paraga, ẹ̀yìnkùlé ni. Valium, ẹ̀yìnkùlé ni. Àìfẹ́ dé gáréèjì, àìfẹ́ gbọ́ orúkọ Erin-Òkè, ẹ̀yìnkùlé ni gbogbo rẹ̀. Lójoojúmọ́ tí wọ́n bá sá, ara á tù wọ́n fún wákàtí kan, ọdẹ inú ọpọlọ á sì gbà pé òótọ́ ni òun ń pa, pé ewu ló wà níta. Sísá yẹn ló ń bọ́ àìsàn náà. Iṣẹ́ ìtọ́jú ni kí ẹnì kan tó mọ̀nà bá wọn jáde sí ẹnu ọ̀nà, kí wọ́n jókòó ti olówó náà, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀.

Ẹni tí nọ́ọ̀sì yẹn ní kí ẹ lọ bá, sàíkólọ́jíìsì ni, onímọ̀ nípa ọkàn tó ń fi ọ̀rọ̀ wo èèyàn. Kò ní fa ọ̀rọ̀ yọ lẹ́nu wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Á kọ́kọ́ béèrè nípa ayé wọn, oorun wọn, ọtí wọn, á ṣàlàyé àìsàn náà fún wọn, á sì kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè máa rọra mí nígbà tí àyà bá ń lù. Lẹ́yìn ìyẹn ni ìtàn. Nínú ọ̀nà ìtọ́jú kan tí Edna Foa ṣe àgbékalẹ̀ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà, wọ́n á dijú, wọ́n á sọ ìtàn ọjọ́ náà bí ẹni pé ó ń ṣẹlẹ̀ lọ́wọ́: ohun tí wọ́n rí, ohun tí wọ́n gbọ́, ibi tí ọwọ́ wọn wà. Bí wọ́n bá fo ibì kan, sàíkólọ́jíìsì á rọra dá wọn padà síbẹ̀, kò sì ní sọ pé kí wọ́n dúpẹ́. Wọ́n á tún sọ ọ́. Wọ́n á gbà á sórí fóònù, wọ́n á máa gbọ́ ọ nílé. Ìpàdé 8 sí 15 ló sábà máa ń gbà, lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, bíi wákàtí kan àbọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Bí ìtàn náà ṣe ń di sísọ ní ibi tí ewu kò sí, akọ̀wé á he gègé rẹ̀ nílẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọjọ́ sí i. Ẹkún ìgbà àkọ́kọ́ kì í rí bí ẹkún ìgbà kẹfà. Mo ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn tó jẹ́ pé nígbà kẹfà, wọ́n rántí nǹkan tí kò sí nínú ìtàn wọn tẹ́lẹ̀ rárá: pé ẹnì kan di ọwọ́ wọn mú, pé àwọn gan-an fa ẹlòmíràn yọ.

Ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ń gbà fúnra rẹ̀ tún wà nínú ìtọ́jú yìí. Wọ́n jọ máa to ìbẹ̀rù náà sílẹ̀ láti orí èyí tó kéré jù. Ó lè jẹ́ pé kí wọ́n jókòó sínú ọkọ̀ tí a gbé sí ẹnu ọ̀nà ilé yín, láìṣíná rẹ̀, títí àyà á fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà kí wọ́n ṣíná rẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹlòmíràn wà wọ́n dé Ìwàràjà kí wọ́n sì yà padà. Ó lè tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí wọ́n tó dé Erin-Òkè. Bí wọ́n bá dúró níbẹ̀ tó, ara wọn á kọ́ ohun tí àlàyé kankan kò lè kọ́ ọ: títì lásán ni. Kò pọn dandan kí wọ́n tún padà sídìí iṣẹ́ awakọ̀ ká tó sọ pé wọ́n ti sàn. Kí wọ́n lè yàn fúnra wọn ni, kí ìbẹ̀rù má yàn fún wọn.

Mo rí i pé ẹ dárúkọ ìyá ọlọ́mọ tí wọ́n gbé ní Ìwàràjà. Bó bá jẹ́ bí mo ṣe rò ó ni, obìnrin yẹn ni kì í jẹ́ kí wọ́n sùn. "Tí n kò bá dúró gbé e ni." Ẹ̀bi ni ó máa ń wà nísàlẹ̀ ọ̀pọ̀ nínú àìsàn yìí, ó sì máa ń pẹ́ ju ẹ̀rù lọ. Ìtọ́jú mìíràn wà fún un, tí Patricia Resick bẹ̀rẹ̀, ìpàdé 12 ni. Wọ́n á kọ gbólóhùn yẹn sínú ìwé, wọ́n á sì máa fi ìbéèrè tú u wò. Kí ni wọ́n mọ̀ lákòókò tí wọ́n dúró ní Ìwàràjà? Ṣé ẹnikẹ́ni sọ fún wọn pé tírélà kan ń bọ̀ tí bíréèkì rẹ̀ ti já? Bí awakọ̀ mìíràn bá ṣe ohun kan náà, ṣé wọ́n á pè é ní apànìyàn? Ẹni tó ṣe ohun tó yẹ ní ìwọ̀n ohun tó mọ̀ nígbà náà, ṣé ó jẹ̀bi ohun tí kò sẹ́ni tó lè mọ̀? Bí ẹ̀yin bá sọ fún wọn pé "kì í ṣe ẹ̀bi yín," wọn kò ní gbà, torí ìyàwó wọn ni yín. Bí wọ́n bá fi ẹnu ara wọn dé ibẹ̀, á dúró. Ìbànújẹ́ obìnrin náà lè má lọ, kò sì yẹ kó lọ tán. Èèyàn ni.

Ẹ tún lè gbọ́ nípa ìtọ́jú tí Francine Shapiro dá sílẹ̀ ní ìparí àwọn ọdún 1980, EMDR, níbi tí aláìsàn ti máa ń fi ojú tẹ̀lé ìka sọ́tùn-ún sósì bó ṣe ń ro ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Òun náà ń ṣiṣẹ́. Èyíkéyìí tí ẹni tí ẹ bá níbẹ̀ bá mọ̀ ọ́n ṣe ni kí ẹ gbà.

Mi ò ní tàn yín: ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́ lè le. Àlá lè pọ̀ sí i, ìbínú náà lè gbóná sí i, torí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ilẹ̀kùn iwájú ni. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń sá kúrò tí wọ́n á ní ìtọ́jú náà ba àwọn jẹ́. Ẹ ti mọ̀ báyìí, ẹ bá wọn dì í mú kọjá ibẹ̀. Àwọn kan wà tí kì í san fún tán pátápátá, ṣùgbọ́n àwọn náà máa ń dé ibi tí wọ́n ti lè sùn, tí wọ́n lè bá ọmọ ṣeré.

Ọ̀rọ̀ Valium náà ń bà mí lẹ́rù. Kì í wo PTSD, ó lè mú kó pẹ́ lára, ó sì máa ń di bárakú. Tí ó bá pàdé ọtí nínú ara, ó lè dá èémí dúró lójú oorun. Síbẹ̀, ẹ má gbà á lọ́wọ́ wọn lójijì o. Ẹni tó ti ń lò ó lójoojúmọ́ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, tó bá dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà, gìrì lè mú un. Ọtí náà, bó bá ti di ti àràárọ̀, ó ní irú ewu yìí. Dókítà ló máa bá wọn dín méjèèjì kù díẹ̀díẹ̀. Àwọn oògùn mìíràn wà, bíi sertraline, tí dókítà lè kọ fún àìsàn yìí gan-an. Ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tó hàn lára.

Ní ti àwọn tó ní ẹ̀mí àwọn òkú ni, mi ò ní bá yín du ìgbàgbọ́ yín. Bí ẹ bá fẹ́ lọ kí àwọn ẹbí tó ṣọ̀fọ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí àlùfáà tàbí ààfáà gbàdúrà, ó dára, ó tilẹ̀ lè tu ẹ̀bi yẹn lójú. Ṣùgbọ́n ibikíbi tí wọ́n bá ti dárúkọ ṣẹ́ẹ̀nì, pàṣán tàbí ààwẹ̀ ọjọ́ gbọọrọ, ẹ mú wọn kúrò níbẹ̀. Òfin tuntun nípa ìlera ọpọlọ tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní oṣù Kìíní ọdún 2023 ti gba ipò òfin wèrè àtijọ́, ó sì fún aláìsàn ní ẹ̀tọ́ sí ìtọ́jú tó bu iyì fún un.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ ní ọsibítù Wesley Guild tó wà ní Iléṣà yín níbẹ̀. Abẹ́ ọsibítù olùkọ́ni Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ló wà. Ẹ ní kí wọ́n darí yín sí ẹ̀ka ìlera ọpọlọ. Tí wọ́n bá ní kí ẹ máa bọ̀ ní Ifẹ̀, kò jìnnà, nǹkan bí kìlómítà 30 ni. Mo mọ̀ pé ojú ọ̀nà ni ìṣòro wọn. Ẹ jẹ́ kí wọ́n jókòó síbi tó bá rọ̀ wọ́n lọ́rùn nínú ọkọ̀, kí ẹ̀yin sì jókòó tì wọ́n.

Bí ẹ bá sọ pé "ẹ jẹ́ ká lọ sí ẹ̀ka ọpọlọ," wọ́n á ní ṣé wèrè ni ẹ fi àwọn pè. Ẹ má gba ibẹ̀ wọlé. Ẹ sọ̀rọ̀ láàárọ̀ kùtù, kí paraga tó wọlé, kí àwọn ọmọ má sí nítòsí. Ẹ ní, "Bàbá àwọn ọmọ mi, oṣù mẹ́jọ rèé tí ẹ ò tíì sùn. Oorun yín yìí, ẹ jẹ́ kí wọ́n bá wa wò ó." Òótọ́ ni, oorun ni ohun tí àwọn fúnra wọn ń fẹ́ jù. Ẹ sì sọ fún wọn pé ẹ jọ máa lọ ni. Nígbà tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé ní Àró, Abẹ́òkúta, ní ọdún 1954, ó jẹ́ kí mọ̀lẹ́bí máa tẹ̀ lé aláìsàn wá, kí wọ́n jọ máa gbé láàárín àwọn ará abúlé. Ó mọ̀ pé ẹni tiwa kì í dá nìkan sàn.

Nǹkan méjì ni kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ ìpàdé. Bí wọ́n bá ń sọ pé ìbá sàn kí àwọn náà ti bá àwọn mẹ́ta yẹn lọ, ẹ bi wọ́n ní tààràtà bóyá wọ́n ń rò ó láti pa ara wọn. Bíbéèrè kì í fi èrò náà síni lọ́kàn. Tí ìdáhùn bá jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni, ẹ kó oògùn apakòkòrò àti oògùn oorun kúrò nílé, kí ẹ sì gbé wọn lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an. Èkejì, bí ọwọ́ wọn bá ti ń dé ara yín tàbí ti àwọn ọmọ, ẹ kó àwọn ọmọ lọ sí ilé ẹbí ná. Àìsàn ni, ṣùgbọ́n kò sọ yín di ẹni tí wọ́n ń lù.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń lọ, ẹ kó gbogbo páálí oògùn tí wọ́n ń lò dání, àti ìgò paraga náà, kí dókítà lè rí i. Ẹ kọ ọjọ́ tí jàǹbá ṣẹlẹ̀ sínú ìwé, àti iye òru tí wọ́n ta jí lọ́sẹ̀ tó kọjá. Tí dókítà bá béèrè bó ṣe ṣẹlẹ̀, tí ohùn wọn bá yí padà ní Erin-Òkè, ẹ má gbà á sọ fún wọn. Ẹ di ọwọ́ wọn mú, kí ẹ sì dákẹ́ jẹ́ẹ́.